Ìgbà Wo Ni Ìkéde Ilé-Ìwé Tó Dé Ọ̀dọ̀ Òbí?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn òbí, olùkọ́ àti onílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Command, Alímọ̀ṣọ́

Mo mọ̀ pé Sátidé ni òní, àti pé ẹbí ti ń retí ọ̀pọ̀ nínú yín lóde ìnáwó ní Abẹ́sàn àti Ayọ̀bọ̀. N ó gbìyànjú kí ìrẹsì má tutù kí ẹ tó débẹ̀.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ètò ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìkéde tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí òbí. Ọ̀rọ̀ náà fẹ̀, ó lè mú wa sùn síbí. Mo ti fún un mọ́ ìbéèrè kan ṣoṣo: ìgbà wo ni a lè sọ pé ilé-ìwé ti kéde ọ̀rọ̀ fún òbí?

Ṣé ìgbà tí akọ̀wé ilé-ìwé tẹ̀ ẹ́ jáde ni? Ṣé ìgbà tí àǹtí kíláàsì kì í bọ inú báàgì ọmọ ni? Àbí ìgbà tí àmì aláwọ̀ búlúù méjì yọ lórí WhatsApp? Ìdáhùn mi kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí mo wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lónìí ni pé ilé-ìwé kò tíì kéde títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi yé òbí, tí àkókò yóò sì ṣì wà fún un láti ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe, tí yóò sì mọ ibi tí òun lè gbà fèsì. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́ta yìí, ìwé lásán ni ilé-ìwé pín.

Ìpele Kìíní: Kí ni à ń pè ní ìkéde?

Nígbà tí ọba bá fẹ́ bá ìlú sọ̀rọ̀ láyé àtijọ́, akéde ni wọ́n ń rán. Akéde kì í lu agogo lọ́sàn-án gangan sí ilé tó ṣófo. Yóò dúró di ìrọ̀lẹ́, tí àgbẹ̀ ti toko dé, tí àwọn ìyá ti tọjà bọ̀. Yóò lu agogo ní oríta kan, yóò sọ̀rọ̀, yóò tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ ní oríta kejì. Èdè ìlú ló fi ń sọ ọ́. Bí kò bá yé ẹnì kan, onítọ̀hún á bi í níbẹ̀, tàbí kó lọ bi baálé rẹ̀. Èdè tó yéni, àkókò tó bọ́ sí i, àyè láti béèrè: mẹ́ta yìí ló wà nínú iṣẹ́ akéde, òun ni mo sì gbé ìtumọ̀ mi lé.

Ẹ jẹ́ ká wá tú báàgì ọmọ wò. Ìwé tó wà níbẹ̀ pọ̀, gbogbo rẹ̀ la sì ń pè ní létà ilé-ìwé, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Òmíràn ń ròyìn ohun tó ti ṣẹlẹ̀: ọmọ yín ṣe dáadáa nínú ìdánwò, ilé-ìwé gba ife-ẹ̀yẹ. Òmíràn ń sọ ohun tó ń bọ̀: ọjọ́ ìsinmi àárín tààmù, ọjọ́ tí òbí yóò wá wo ìwé ọmọ. Òmíràn ń tọrọ àṣẹ: a fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Badagry, ṣé ẹ fọwọ́ sí i? Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé owó ló wá gbà.

Ìròyìn kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ òbí ju ẹ̀rín músẹ́ lọ. Àwọn yòókù ní iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kó ṣe, ọ̀kan fẹ́ kó yẹ ọjọ́ rẹ̀ wò, ọ̀kan fẹ́ ìbuwọ́lù, ọ̀kan fẹ́ owó. Aburú tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ilé-ìwé kan máa ń po gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ìwé kan. Mo ti ka létà ìparí tààmù kan láti ilé-ìwé kan tí n kò ní dárúkọ. Ọpẹ́ fún Ọlọ́run ló fi bẹ̀rẹ̀, ó to àṣeyọrí ilé-ìwé fún ìpínrọ̀ mẹ́ta, ó fi ọjọ́ ìwọlé sí ìpínrọ̀ kẹrin, ó fi àfikún owó ilé-ìwé pa mọ́ sí ìkẹfà. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí lẹ́tà ti tín-ín-rín, ló wá sọ pé ọmọ tí kò bá san owó tán kò ní wọ kíláàsì. Ẹni tó kọ ìwé yẹn mọ ohun tó ń ṣe. Ó fẹ́ kí òbí ti mi orí tán kó tó kan egungun.

Ìpele Kejì: Ta ni òbí tí à ń kọ̀wé sí?

Kí a tó mọ òbí, ẹ jẹ́ ká mọ àdúgbò: ilé-ìwé ló sọ Command yìí lórúkọ. Ilé-ìwé girama Command tí àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Nàìjíríà ní sí Ìpájà ni kọ̀ńdọ́ ń dárúkọ nígbà tó bá ń ké “Command wọlé!”, bí ẹni tó ń wọlé kò tilẹ̀ fẹsẹ̀ tẹ ọgbà ilé-ìwé náà rí. Nítòsí wa ni Abẹ́sàn, ọ̀kan nínú àwọn ilé tí ìjọba Gómìnà Lateef Jákáńdè kọ́ fún mẹ̀kúnnù láàárín 1979 sí 1983. Ìjọba yẹn kan náà ló fòpin sí ètò tí àwọn ọmọ Èkó kan fi ń lọ sílé-ìwé láàárọ̀ tí àwọn mìíràn ń lọ lọ́sàn-án. Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní àádọ́ta ọdún ẹ rántí: ìyá kan lè ní ọmọ kan tó ń jáde bí èkejì ṣe ń wọlé.

Láti ìgbà náà ni Alímọ̀ṣọ́ ti ń wú bí ìyẹ̀fun tó rí ìwúkàrà. Ètò ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 1,277,714 síbí. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní irọ́ ni, pé iye wa ju mílíọ̀nù méjì lọ. Ọmọ pọ̀ ju ohun tí ilé-ìwé ìjọba lè gbà lọ, ni àwọn aládàáni bá bọ́ sójú agbo. Nígbà tí wọ́n ka ilé-ìwé aládàáni ní gbogbo ìpínlẹ̀ Èkó ní 2010 sí 2011, 12,098 ni wọ́n rí, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni kò sì ní ìwé àṣẹ ìjọba. Ẹ rìn láti ibùdókọ̀ yìí títí dé Ajásá, ẹ ó rí i pé n kò purọ́: pátákó ilé-ìwé kan kò ní tíì kúrò lójú yín tí ẹ ó fi rí òmíràn.

Ta wá ni òbí? Ó lè jẹ́ ìyá tó jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, tó ń du mọ́tò Oshòdì ní Ìyànà-Ìpájà, tí kò sì ní padà wọlé kó tó di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ó lè jẹ́ mẹkáníìkì ní ọ̀nà Méírán, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ọ́ìlì, ta ni yóò bá a ṣí ìwé? Ó lè jẹ́ ìyá àgbà tí ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, tó jẹ́ òun ló ń mú ọmọ-ọmọ lọ tó ń mú un bọ̀. Ó lè jẹ́ nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ báńkì, olùkọ́ bíi tiyín. Ẹ má sì rò pé àìkàwé nìkan ni ìṣòro. Ẹni tó ní dígírì méjì pàápàá kì í lè ka ojú ìwé méjì nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kó sì rántí ohun tó wà ní ìpínrọ̀ kẹfà.

Ìpele Kẹta: Èdè

Ibí ni mo ti fẹ́ jókòó pẹ́.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé létà kan láti ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé títí dé yàrá òbí. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ gbé e wálé. Ìyá rẹ̀ tó ń ta èlùbọ́ ní, “Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?” Ọmọ di ògbufọ̀. Bí létà náà bá jẹ́ ti ọjọ́ àríyá, tí wọ́n ní kí ọmọ mú bisikíìtì àti mínírà wá, ògbufọ̀ náà á já fáfá. Bí ó bá sì jẹ́ pé àǹtí fẹ́ rí ìyá nítorí pé ọmọ kì í ṣe iṣẹ́ àmúrelé, ẹ̀yin náà mọ irú ìtumọ̀ tí ìyá yóò gbọ́. Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ilé-ìwé ṣe: ó fi ẹni tí ẹjọ́ kàn ṣe agbẹjọ́rò.

Ìtìjú tún wà níbẹ̀. Ìyá tí kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún olùkọ́ ọmọ rẹ̀. Yóò gba ìwé náà, yóò ní “Ó dáa, àǹtí, ẹ ṣeun,” yóò ká a sínú àpò owó. Olùkọ́ á rò pé ìyá náà kò bìkítà. Bàbá tó kàwé díẹ̀, tó ń ka ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì lórí fóònù dáadáa, lè má rí orí tàbí ìdí Gẹ̀ẹ́sì ọ́fíìsì tí wọ́n fi ń kọ létà ilé-ìwé, nítorí èdè náà kì í ṣe èdè tí ẹnikẹ́ni ń sọ níbikíbi.

Àwọn onílé-ìwé máa ń dá mi lóhùn pé òbí fúnra wọn ló fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Òtítọ́ ni. Òbí ń sanwó kí ọmọ òun lè sọ Gẹ̀ẹ́sì já gaara, ilé-ìwé tó bá sì ń kọ Yorùbá síta lè dàbí èyí tó rẹlẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ni òbí rán wá kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò rán ara rẹ̀. Ọjà tí ẹ ń tà fún un ni Gẹ̀ẹ́sì ẹnu ọmọ. Létà ọjọ́ ìsinmi kò sí lára ọjà yẹn.

Ẹ̀rù pé Yorùbá yóò ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́ pàápàá, wọ́n ti dán an wò ní ilẹ̀ wa. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's “A” ní Mọ̀dákẹ́kẹ́. Fún ọdún mẹ́fà gbáko, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ yòókù, tí olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn ẹgbẹ́ wọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kẹ́kọ̀ọ́ láti ọdún kẹrin, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta wọ́n yọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn. Bí ọdún mẹ́fà Yorùbá nínú kíláàsì kò bá pa Gẹ̀ẹ́sì ọmọ, ojú ìwé kan tó wà fún ìyá rẹ̀ kò lè pa á.

Mo mọ̀ pé ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i ní 2022 pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì kéde ní 2025 pé àwọn ti pa ìlànà náà tì. Àríyànjiyàn ti kíláàsì nìyẹn, mo fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Èdè tí à ń fi bá òbí sọ̀rọ̀ kò dúró de Àbújá. Ní ọjọ́ 8, oṣù Èrèlé 2018, Gómìnà Akínwùnmí Àḿbọ̀dé fọwọ́ sí òfin ìpínlẹ̀ Èkó lórí ìtọ́jú èdè Yorùbá, tó sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ilé-ìwé, ti ìjọba àti ti aládàáni, máa kọ́ ọmọ ní Yorùbá. Ẹni tó bá pa òfin yẹn mọ́ gbọ́dọ̀ ní olùkọ́ Yorùbá nínú ọgbà rẹ̀. Olùkọ́ yẹn ni kó máa túmọ̀ létà. Ẹni tó bá ní kò sí ẹni tó lè kọ ọ́ ní ilé-ìwé òun ti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn.

Àwọn kan á ní, “Gbogbo wa kọ́ ni ọmọ Yorùbá ní Alímọ̀ṣọ́.” Bẹ́ẹ̀ ni. Igbo wà, Hausa wà, Ẹ̀gùn wà, Ẹdó wà. N kò ní kí ẹ yọ Gẹ̀ẹ́sì kúrò. Gẹ̀ẹ́sì ní ojú kan, Yorùbá ní ojú kejì ìwé kan náà, kò gba ju tákàdá kan lọ. Fún àwọn tó kù, ẹ lo ohùn. Ẹ ní kí òbí kan tó gbọ́ èdè náà ka á sórí fóònù, kí ẹ fi ohùn náà ránṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin ẹ̀kọ́ wọn ti 2015 ní kí ilé-ìwé tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ fi ìsọfúnni fún òbí ní ọ̀nà tó rọrùn láti lóye, àti, níwọ̀n bó bá ti ṣeé ṣe, ní èdè tí òbí gbọ́. Ilẹ̀ elédè Gẹ̀ẹ́sì paraku nìyẹn o. Kò tì wọ́n lójú láti kọ èdè Spain sí ìyá ọmọ.

Ní ti àwọn olùkọ́ tó ń bẹ̀rù àmì ohùn orí Yorùbá kíkọ, ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n. Ìyá ọmọ kò ní gba máàkì lọ́wọ́ yín.

Ìpele Kẹrin: Àkókò àti owó

Ìkéde tó yéni ṣùgbọ́n tó pẹ́ kò yàtọ̀ sí èyí tí kò yéni. Ẹ mú ìdíje eré ìdárayá tààmù kejì wò, èyí tí gbogbo wa ń pè ní inter-house. Ilé-ìwé ti mọ ọjọ́ náà láti ìgbà tí tààmù ti wọlé, wọ́n ti san owó pápá, wọ́n ti pe alága ọjọ́ náà. Ọjọ́rú ni létà dé ọ̀dọ̀ òbí, Ẹtì ni eré. Wọ́n ní kí ọmọ wọ ẹ̀wù pupa, kánfáàsì funfun, ìbọ̀sẹ̀ funfun. Ìyá tó ní ọmọ mẹ́ta, tí ilé-ìwé pín sí pupa, àwọ̀ ewé àti yẹ́lò, ibo ni kó ti rí i láàárín ọjọ́ méjì?

Àwọn tó ń kọ létà wọ̀nyí ń gba owó oṣù, wọ́n sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni owó ṣe ń wọlé fún gbogbo ènìyàn. Èésú ni ọ̀pọ̀ ìyá lọ́jà ń dá. Bí wọ́n bá sọ fún un ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ pé oṣù Ẹrẹ́nà ni inter-house, oṣù Agẹmọ sì ni àríyá ìparí ọdún, yóò bẹ olórí èésú kó fún òun ní ipò tó bá oṣù náà mu. Kì í ṣe pé kò ní owó. Ọjọ́ tí owó rẹ̀ yóò jáde ni ilé-ìwé kò jẹ́ kó mú. Ìjọba ìpínlẹ̀ máa ń gbé kàlẹ́ńdà ọdún ẹ̀kọ́ jáde, tó fi ọjọ́ ìwọlé, ìsinmi àárín tààmù àti ọjọ́ ìparí hàn. Kí ló dé tí ilé-ìwé kò lè fi ọjọ́ tirẹ̀ kún un, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì ní ọjọ́ ìwọlé?

Owó fúnra rẹ̀ ní ìtàn ní ilẹ̀ wa, ìtàn náà sì kọ́ni lọ́gbọ́n. Ní 1952, S. O. Awókòyà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wá síwájú ilé ìgbìmọ̀. Kí ilé-ìwé kankan tó ṣí, ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bu owó ẹ̀kọ́ àti ìlera lé owó orí, ṣílè mẹ́wàá àti sísì. Ohun tí ará ìlú kọ́kọ́ gbọ́ ni owó; ilé-ìwé kò tíì hàn lójú wọn. Nígbà tí ìdìbò àpapọ̀ dé ní 1954, ẹgbẹ́ alátakò, NCNC, gba ìjókòó 23 ní Ìwọ̀-Oòrùn, Action Group tó ń ṣèjọba gba 18. Owó yẹn wà lára ohun tó fà á. Ní ọjọ́ 17, oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1955, ilé-ìwé ṣílẹ̀kùn. Iye ọmọ tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti 456,600 sí 811,432 láàárín ọdún kan. Nígbà tí ìdìbò ẹkùn dé ní 1956, Action Group gba 48, NCNC gba 32. Ará ìlú kan náà ni. Lára ohun tó yí padà ni pé wọ́n ti wá rí ohun tí owó náà wà fún.

Mo fẹ́ kí gbogbo onílé-ìwé tó wà níbí gbé ìtàn yìí lọ sílé. Òbí kì í kọ̀ láti sanwó bí ẹ ṣe rò. Owó tí kò mọ ìdí rẹ̀ ló ń bí i nínú. Bí ẹ bá kọ “owó ètò: ₦15,000”, ẹ ti gbẹ́ ihò ìfura. Ẹ kọ iye tó lọ sórí ẹ̀wù, iye tó lọ sórí pápá, iye tó lọ sórí oúnjẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ èyí tó pọn dandan àti èyí tó wà fún ẹni tó bá wù. Ẹ má dì í pọ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ìjọba yàtọ̀ díẹ̀, mo sì fẹ́ kí òbí gbọ́ ọ ketekete. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti 2004 ní ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama kékeré ní ilé-ìwé ìjọba. Ẹni tó bá gba owó tí òfin náà kà léèwọ̀ lè san owó ìtanràn tó tó ₦10,000, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, tàbí méjèèjì. Òfin kan náà kò dá òbí sí: ẹni tí kò bá jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ sílé-ìwé yóò gba ìbáwí nígbà àkọ́kọ́, bí ó bá tún ṣe é, ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan. Mélòó nínú yín ló ti gbọ́ èyí rí kí ẹ tó wọ gbọ̀ngàn yìí? Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ṣe òfin náà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ ọ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìjọba, wọ́n sì ní àwọn ti kéde. Ẹ padà sí ìbéèrè mi: ṣé wọ́n ti kéde?

Ìpele Karùn-ún: Èsì

Èyí kò gùn, ṣùgbọ́n ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ọmọdébìnrin kan kú níbi ìdíje eré ìdárayá ilé-ìwé ní Agége. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní iná ẹ̀lẹ́tíríìkì wà nínú ohun tí àyẹ̀wò òkú fi hàn. N kò wá síbí láti tún ẹjọ́ yẹn dá. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni mo ti ń wo létà eré ìdárayá tàbí ti ìrìn-àjò ọmọdé, mo sì ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: ta ni yóò tọ́jú ọmọ bó bá ṣubú? Ilé ìwòsàn wo ló wà nítòsí? Nọ́ńbà ta ni òbí yóò pè? Níbo ni òbí yóò kọ ọ́ sí pé ọmọ òun ní ikọ́ fée, tàbí pé ara rẹ̀ kò gba oòrùn? Ọ̀pọ̀ létà kò ní ìlà kan fún èyí. Wọ́n ní àyè fún orúkọ báńkì àti nọ́ńbà àkáǹtì.

Ní ti ọ̀nà láti fèsì, WhatsApp ṣèrànwọ́. Nígbà tí ìjọba ti ilé-ìwé pa ní Èkó ní oṣù Ẹrẹ́nà 2020 nítorí Kòrónà, òun ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi rí òbí bá sọ̀rọ̀. Àmọ́ inú ẹgbẹ́ òbí lórí WhatsApp lónìí, àdúrà òwúrọ̀, àwòrán ọjọ́ ìbí, ẹni tó ń ta lẹ́ẹ̀sì àti ìjà lórí ìṣèlú ti bo ìkéde mọ́lẹ̀. Ẹ ya ìkànnì méjì: ọ̀kan fún ìkéde, tí ọ̀gá ilé-ìwé nìkan yóò máa kọ nǹkan sí, èkejì fún ariwo wa. Kí ẹ sì dárúkọ ẹnì kan tó ń dáhùn ìbéèrè, kí ẹ sọ wákàtí tó máa ń gbé fóònù. Òbí tó bá béèrè tí wọ́n sì ní “ẹ lọ ka létà” kò ní béèrè mọ́, ilé-ìwé kò sì ní mọ ohun tó ń lọ nílé ọmọ náà.

Àpẹẹrẹ kan

Kí ẹ má bàa ní mo kàn ń bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ yín, mo kọ létà kan wá. Ẹ gbọ́ ọ:

“Ẹ̀yin òbí wa, ẹ kú iṣẹ́. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 5, oṣù Ẹrẹ́nà, a ó ṣe ìdíje eré ìdárayá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni kí ọmọ dé ilé-ìwé; aago mẹ́ta ọ̀sán ni kí ẹ wá mú un. Ẹ̀wù eré jẹ́ ₦3,500. Kì í ṣe dandan: ọmọ tó bá wọ fáńìlà funfun yóò sáré pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ilé-ìwé ni yóò pèsè omi àti oúnjẹ, ẹ má san owó kankan lórí ìyẹn. Nọ́ọ̀sì méjì yóò wà lórí pápá. Bí ọmọ yín bá ní ikọ́ fée, àrùn sẹ̀kẹ́lì tàbí ohun mìíràn tí ó yẹ kí a mọ̀, ẹ wá sọ fún wa kó tó di ọjọ́ 20, oṣù Èrèlé. Bí ẹ kò bá fẹ́ kó sáré, ẹ fàlà sí abẹ́ ‘Rárá’ nísàlẹ̀, ẹ buwọ́ lù ú, kò sí ìbínú. Fún ìbéèrè, ẹ pe igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé láàárín aago mẹ́rin sí méje ìrọ̀lẹ́.”

Ó tán. Kò kún ojú ìwé kan. Ọjọ́ wà níbẹ̀, owó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìdí rẹ̀, ọ̀nà láti kọ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó ń ta èlùbọ́ á sì gbọ́ ọ láìsí pé ọmọ rẹ̀ ṣe ògbufọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọpẹ́ sí Ọlọ́run kún un, ẹ fi sí ìparí.

Ẹ̀yin onílé-ìwé àti ọ̀gá ilé-ìwé Command, Ìpájà, Abẹ́sàn, Ajásá àti Bárúwà, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Létà àkọ́kọ́ tí ẹ ó kọ ní tààmù tó ń bọ̀, ẹ má kọ́kọ́ gbé e fún akọ̀wé pé kó tẹ̀ ẹ́. Ẹ pe ìyá kan tó wá mú ọmọ rẹ̀ ní géètì, ẹ kà á fún un lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì bi í pé, “Mọ̀mí, kí la ní kí ẹ ṣe, ọjọ́ wo sì ni?” Bí kò bá lè dá yín lóhùn, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ padà lọ tún un kọ. Ẹ̀yin òbí náà, bí létà bá dé tí kò yé yín, ẹ má ká a sápò mọ́. Ẹ gbé e padà lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ ní kó kà á fún yín.